Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Sọ Lórí Pósí Ọ̀gbẹ́ni Dabney

Niú Yọ́ọ̀kì,
Oṣù Kejìlá, ọjọ́ kejì, 1878.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú òtútù Lambeth, ẹ kú ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé. Ẹ bá mi kí Àǹtí Keziah, kí ẹ sì bá mi kí orúnkún wọn. Èmi wà láàyè, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀. Lẹ́tà kẹrin rèé láti ìgbà tí mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ kò sì fèsì sí ẹyọ kan. Ṣé ẹ ti sọ fún àwọn ará àdúgbò pé mo ti kú ni?

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé nìyí. Eré tí Mánijà Van Alst kó wa wá síbí láti ṣe ti dojú dé pátápátá. Ní Sátidé, èèyàn mọ́kànlélógójì ló wá wò wá, méjì nínú wọn sì sùn. Lónìí ó pe gbogbo wa jọ, ó ní bí a ò bá rí eré apanilẹ́rìn-ín tuntun, òun yóò tú ẹgbẹ́ ká, kí kálukú wá ọ̀nà ilé rẹ̀. Gbogbo wa ń wo ilẹ̀. Èmi ni mo la ẹnu, mo ní, "Mo mọ ọ̀kan. Bàbá mi ló kọ ọ́."

Ta ni ì bá mọ "Ọ̀gbẹ́ni Dabney Ra Pósí" bí kì í ṣe èmi? Ọdún méje lẹ fi ń kọ ọ́ tí ẹ ń pa á rẹ́, tí èmi sì ń jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, tí mò ń da ipa òṣèré kọ̀ọ̀kan kọ sọ́tọ̀: ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan, àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ kó lè mọ ìgbà tí yóò wọlé. Òṣèré mẹ́sàn-án, ìgbà mọ́kànlá. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Mánijà láìwo ìwé: bí Dabney tó ń ta àbẹ́là ṣe rí pósí olówó pọ́ọ́kú rà ní gbàǹjo, tó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ láti wò ó bóyá ó gba òun, tí ìdérí há mọ́ ọn lórí, tí gbogbo ẹbí sì dé wá sunkún èké lé e lórí. Mánijà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá, mò ń tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Orúkọ yín ni yóò wà lára ìwé ìkéde. Bí mi ò bá gbọ́ ohunkóhun títí oṣù Kìíní yóò fi parí, màá gbà pé ẹ ti yọ̀ǹda.

Nǹkan kan kù. Ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin Dabney sọ lórí pósí, níbi tó ti kúnlẹ̀ tó ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó dárí ji òun: mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Kò sí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò.

Ọmọ yín,
Drusilla.


Lambeth, Lọ́ńdọ̀nù,
Oṣù Kìíní, ọjọ́ kẹrìnlá, 1879.

Drusilla,

Mo kí ọ torí pé ẹni tó bá ń kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ kíni, kì í ṣe torí pé inú mi ti rọ̀ sí ọ. Lẹ́tà rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lẹ́yìn aago pálọ̀. Mi ò já ọ̀kankan. Mo ti búra lójú Keziah pé mi ò ní já a títí o ó fi kọ "ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ yín" sí ẹ̀yìn àpòòwé, níbi tí mo ti lè rí i láìjá a.

O bá ẹgbẹ́ òṣèré lọ sókè òkun torí mo ní o ò lè ṣeré. Mo tún un sọ: o ò lè ṣeré. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dára, ohùn rẹ ló kéré. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé Pelican tí mò ń fi ìwé ọwọ́ mi rán àwọn tó gbàgbé ọ̀rọ̀ létí. Bí mo bá rí òṣèré, mo mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Hebblewhite ti gba Dabney! Òun Mánijà Hebblewhite, tó ti ń pè mí ní "Tickner, ìwọ ọ̀hún" láti ọjọ́ tó ti ra tíátà yẹn, ló bọ̀ mí lọ́wọ́ lórí ìtàgé lójú gbogbo ènìyàn, tó ní "Ọ̀gbẹ́ni Tickner." Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe Dabney. Ìwé àṣẹ ti dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ààfin tó ń yẹ eré wò. Wọ́n ní ká yọ ọ̀rọ̀ kan tó kan bíṣọ́ọ̀bù, wọn ò fọwọ́ kan ìyókù. Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, ni a ó ṣí i.

Nítorí náà, gbọ́ mi dáadáa. Bó bá ń ṣe ọ́ bíi kí o fi Dabney yangàn lọ́hùn-ún, pa ẹnu rẹ mọ́. Òfin wa ni pé eré tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe nílẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó ṣe é nílé, ó di ti gbogbo ayé nílé. Ẹni tó bá wù lè gbé e sórí ìtàgé láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Mo ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Eré kan ṣoṣo ni mo ní.

Èmi ni,
Ambrose Tickner.


Niú Yọ́ọ̀kì,
Oṣù Kìíní, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, 1879.

Bàbá,

Mo fẹ́ kọ ìkíni tó gùn, ọwọ́ mi ò gbà fún mi. Lẹ́tà yín dé lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè la ṣe Dabney.

Ọjọ́ kan péré! Mo mọ̀ pé mo ní títí oṣù Kìíní yóò fi parí. Mánijà ló fa ọjọ́ náà síwájú, ó ní ẹlòmíràn fẹ́ gba tíátà mọ́ òun lọ́wọ́, èmi ò sì bá a jiyàn. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà á. Ó dùn mí dé egungun.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn aago, Bàbá! Odindi oṣù kan ni mo fi ń tọrọ àyè lẹ́yìn aago yín, tí ẹ ń kọjá níwájú rẹ̀ láràárọ̀ lọ jẹ kíndìnrín àti búrẹ́dì. Ká ní ẹ já a ni, "Rárá" kan ṣoṣo lórí wáyà ì bá ti tó. Ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi, ohùn mi ló sì fẹ́ kìlọ̀ fún yín. Irú ìbúra wo nìyẹn? Ta lẹ rò pé ẹ ń fìyà jẹ?

Ẹ jẹ́ n sọ ìyókù, kí ẹ bínú sí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Tíátà kún. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé a ní láti dúró dè wọ́n kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Èmi ni mo ṣe ọmọbìnrin Dabney, ohùn tí ẹ ní ó kéré sì dé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Mi ò kúnlẹ̀ nídìí pósí. Mo yí ọ̀rọ̀ yẹn padà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́ jù. Ẹ óò kà á fúnra yín, torí Mánijà ti gbé eré náà fún òǹtẹ̀wé kan lónìí, kò sì bi mí.

Drusilla.


Lambeth,
Oṣù Kejì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, 1879.

Drusilla, ìwọ ọmọ yìí,

Èmi Keziah ni mò ń kọ eléyìí, bàbá rẹ ò mọ̀ sí i. Orúnkún mi ń dùn mí, má wulẹ̀ béèrè.

Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé, ó kó gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn aago, ó já wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ka ti oṣù Kejìlá, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Keziah, ó béèrè." Mo ní, "Ó béèrè kí ni?" Ó ní, "Ó béèrè lọ́wọ́ mi." Tíì rẹ̀ tutù lórí tábìlì.

Ó lọ bá Hebblewhite fúnra rẹ̀, ó lọ jẹ́wọ́. Ọkùnrin yẹn ti ka ìwé ìròyìn Niú Yọ́ọ̀kì tán kó tó dé. Ó ní, "Tickner, ìwọ ọ̀hún, àwọn onítíátà Islington níbí ti ń múra Dabney sílẹ̀. Wọn ò bi ọ́, èmi náà ò ní bi ọ́. A ó sún un di ìparí oṣù Kẹta, kí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Niú Yọ́ọ̀kì lè tẹ̀ wá lọ́wọ́." Bàbá rẹ ní, "Orúkọ mi ńkọ́?" Ó ní, "Orúkọ rẹ kọ́ ni Niú Yọ́ọ̀kì rẹ́rìn-ín sí." Ó yọ ọ́ kúrò lára ìwé ìkéde. Ó wá ní kó má gbàgbé láti dé ní kùtù láti wá ránni létí, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni!

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́. Ẹni tó kọ eré ni yóò máa dúró sínú igun tí yóò máa ṣọ́ ọ fún wọn. Mo ní kó má lọ. Ó ní bí òun ò bá lọ, wọn yóò ba eré náà jẹ́.

Mo ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ aago, má rò pé mo gbè é. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, o fún un ní gbèdéke, o ò dúró dè é. Ká ní o wà níwájú mi ni, màá fọ́ ọ létí kí n tó bu ọbẹ̀ fún ọ.

Keziah.


Lambeth,
Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹjọ, 1879.

Drusilla,

O kú iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé pẹlẹbẹ ni, èèpo rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó kún ojú fèrèsé àwọn tó ń tàwé. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Orúkọ tìẹ náà ò sí níbẹ̀. "Eré tó pa Niú Yọ́ọ̀kì lẹ́rìn-ín" ni wọ́n kọ síbi tó yẹ kí orúkọ ènìyàn wà. Òpè tó tẹ̀ ẹ́ ti mú kí Dabney jáde kúrò nílé kó tó wọ inú pósí, àlùfáà sì ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í.

Mo ka ọ̀rọ̀ orí pósí lórí ìdúró nínú ṣọ́ọ̀bù. Màá dà á kọ síbí kí o lè fojú ara rẹ rí ohun tí o ṣe:

"Bàbá, ogún ọdún lẹ fi ń wọn àbẹ́là fún gbogbo àdúgbò, inú òkùnkùn lèmi ti ń ránṣọ. Gbogbo èèyàn lẹ mọ ohun tó wù wọ́n, bóyá tínínrín ni, bóyá kíki ni. Ẹ ò bi mí rí. Ẹ ti kú báyìí, ẹ ò lè bá mi wí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́: ẹ̀rù yín ń bà mí. Ó sì dùn mí, torí mo fẹ́ràn yín, mi ò sì rí ibi tí mo lè gbé e kalẹ̀ nínú ilé yín."

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí ìdérí pósí máa ṣí sókè díẹ̀díẹ̀, kí àwọn èèyàn máa rẹ́rìn-ín!

Ṣé èmi nìyẹn? Ta ló ránṣọ nínú òkùnkùn nílé mi? Àbẹ́là mélòó ni o jó mọ́lẹ̀ tí o ń da ipa kọ? Ọmọkùnrin méjì tó ń bá aláṣọ ṣiṣẹ́, tí wọ́n dúró tì mí, ń ka ibẹ̀ kan náà, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́jìká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo kórìíra wọn. Mo kórìíra rẹ lọ́jọ́ yẹn náà, mi ò ní purọ́.

Mo bẹ Hebblewhite pé kó lo ọ̀rọ̀ tí mo kọ. Ó ní ibi tí àwọn èèyàn fẹ́ wá gbọ́ nìyẹn. Ó ti gé ìwé náà sí wẹ́wẹ́, ó pín in fún àwọn òṣèré, ó fi odindi kan lé mi lọ́wọ́ kí n máa fi rán wọn létí.

Ohun kan ṣoṣo lo lè ṣe. Kọ̀wé sí àwọn oníwèé ìròyìn níbí. Sọ pé ìwọ lo ti ọ̀rọ̀ yẹn bọ eré mi, pé kì í ṣe ara rẹ̀, pé o tọrọ àforíjì. Kọ ọ́ kíákíá. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n la ó ṣí i.

Ambrose Tickner.


Niú Yọ́ọ̀kì,
Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹrìnlélógún, 1879.

Bàbá,

Ẹ kú ìbínú. Lẹ́tà yín pẹ́ lójú omi, yìnyín ló dá ọkọ̀ dúró, nítorí náà kó tó di pé ẹ ka èsì yìí, Lọ́ńdọ̀nù á ti wo Dabney tán. Àmọ́ kì í ṣe yìnyín ló dá mi dúró. Mi ò ní kọ ọ́.

Ẹ bi mí bóyá ẹ̀yin nìyẹn. Ẹ̀yin ni. Gbogbo ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ ní Pelican, ẹ̀yin lẹ ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, àti ọ̀mùtí, àti ọ̀lẹ, àti àwọn tí kì í kí yín. Ọjọ́ tí a sin Màmá, mo dúró níwájú yín nílé ìdáná, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo dúró, mò ń dúró de ọ̀rọ̀ kan. Ẹ wò mí, ẹ ní kí n lọ parí ipa àlùfáà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà yẹn.

Ọjọ́ tí Hebblewhite ní òun fẹ́ dán mi wò lórí ìtàgé, ẹ ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo gbọ́ yín. Ẹ rò pé torí ẹ ní mi ò lè ṣeré ni mo ṣe lọ. Mo lọ torí ẹ sọ ọ́ fún un, ẹ wá délé, ẹ jẹun, ẹ ò sọ ọ́ fún mi.

Ẹ ní orúkọ yín ò sí lára ìwé náà. Wọ́n gba tèmi náà. Gbólóhùn márùn-ún ni mo kọ láyé mi, Niú Yọ́ọ̀kì pàtẹ́wọ́ fún wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi ni. Ẹ̀yin tó mọ̀ ni ẹ wá fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé wọn kì í ṣe ara eré! Rárá o. Bí ẹ bá fẹ́ ọmọ tí yóò kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ nídìí pósí, ẹ wá a lọ síbòmíràn.

Drusilla Tickner.


Lambeth,
Oṣù Kẹrin, ọjọ́ kọkàndínlógún, 1879.

Drusilla,

Mo ti gba lẹ́tà rẹ. Ọjọ́ tó dé ni mo já a. Keziah kí ọ. Èmi náà kí ọ.

A ti ṣí Dabney láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọjọ́ Sátidé, aago méjì ọ̀sán. Èèyàn kún dé àtẹ̀gùn. Omidan Pettifer ló ṣe ọmọbìnrin Dabney, ohùn rẹ̀ dára, orí rẹ̀ ló ṣófo. Ó bọ́ sídìí pósí, ó ní "Bàbá", ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó wo igun tí mo wà.

Drusilla, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò pẹ́ fún òṣèré kankan rí. Lọ́jọ́ yẹn mo pẹ́. Ìwé wà lọ́wọ́ mi, ìka mi wà lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an, ẹnu mi ò là. Hebblewhite wà nínú pósí, ó ń fi èékánná họ pákó, mò ń gbọ́ ọ: "Tickner! Ọ̀rọ̀! Ṣé o ti kú ni?"

Mo sọ ọ́. Mo rò pé gbólóhùn àkọ́kọ́ á tó o, kò tó o; gbogbo rẹ̀ ló ti fò lọ lórí rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, òun ń gbà á lẹ́nu mi. Ní ibi àbẹ́là, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ̀rù ti ń bà ọ́, ohùn mi ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì já. Àwọn tó wà níwájú gbọ́ mi. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Hebblewhite ní mo ba ibẹ̀ jẹ́, ó sì gé owó ọ̀sẹ̀ mi.

Mo ṣì ń bínú sí ọ. Má ka nǹkan míì sínú lẹ́tà yìí. O yára, o gbéra ga, o sì sọ ọ̀rọ̀ inú ilé wa di ohun tí àwọn ọmọkùnrin aláṣọ ń rẹ́rìn-ín sí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsìnkú Màmá rẹ, mi ò rántí pé mo sọ ọ́. Keziah ní mo sọ ọ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ lọ́jọ́ yẹn, ipa àlùfáà ló wà lórí tábìlì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Lovibond wá síbí, òun ló ń tẹ ìwé eré fún àwọn òṣèré jákèjádò ilẹ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ ló fẹ́ ṣe é: inú ìwé ẹni tó ń ránni létí ni wọ́n ti ń tẹ eré, torí ibẹ̀ nìkan ni gbogbo ìwọlé àti ìjáde wà. Ìwé tèmi ló fẹ́. Ó ní ti Niú Yọ́ọ̀kì kún fún àṣìṣe, tèmi tí mo ti tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe ni gbogbo èèyàn yóò máa lò láti ìsinsìnyí lọ. Ó ní, "Orúkọ ta ni n fi síwájú?" Mo ní, "Ambrose Tickner." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Mo wá ní àǹfààní láti dá ọ̀rọ̀ orí pósí padà sí bí mo ṣe kọ ọ́. Mo tún un dà kọ, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tìẹ. Mo kà á sókè fún Keziah. Ó ní, "Ta ni ọmọ yìí? Mi ò mọ̀ ọ́n." Mo tún un kà, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Mo fi ọ̀bẹ ká bébà náà kúrò.

Tìẹ ni wọn yóò tẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé èmi ni mo kọ irú ọ̀rọ̀ burúkú bẹ́ẹ̀ nípa bàbá kan, nítorí náà mo ní kí Lovibond kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ewé náà pé: "Drusilla Tickner ló kọ ọ̀rọ̀ yìí, òun ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí ìtàgé." Ó ní àwọn kì í kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìwé eré. Mo ní bí kò bá kọ ọ́, kó fún mi ní ìwé mi.

Ó kọ ọ́. Lánàá mo lọ sí ilé ìtẹ̀wé, mo jókòó ti ẹni tó ń to lẹ́tà onírin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, mo sì wo orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà ṣì í tò.

Ambrose Tickner,
bàbá rẹ.